Abèèrè Kì í Ṣìnà, Wọ́n Ní

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ dúró sí oríta Ndokoti ní Douala ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti ọ̀nà Bassa bọ̀. Ọkọ̀ á ti há, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin á máa gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá bí ẹni pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ilé kì í ran àlejò lọ́wọ́ nílùú yẹn. Ẹnu ni àdírẹ́sì: tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń sun ẹja, yà sọ́tùn-ún, kó o béèrè ilé ìyá eléwé. Ẹni tó bá béèrè á débẹ̀. Ẹni tí ìgbéraga ò jẹ́ kó béèrè á rìn títí, oríta náà ni yóò tún bá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yìí ti gbà láàárín ara wọn pé abèèrè á kọ́kọ́ dárúkọ ibi tó ń lọ. Ojú wọn ò tíì rí Ẹ̀gbọ́n Mobéèrè.

Ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀, torí irú rẹ̀ pọ̀ débi pé orúkọ ẹnì kan ò lè gbà wọ́n. Ọmọ Ẹdẹ ni, ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà lẹ́bàá oríta. Tí oníbàárà bá ti dáwọ́ dúró, á fa ìwé mots fléchés yọ: àpótí kéékèèké tí wọ́n tò jọ bíi fèrèsé, ìtumọ̀ á wà nínú ọ̀kan, ọfà á máa tọ́ka sí ibi tí ìdáhùn máa wọ̀. Báírò ló fi ń kọ ọ́. Kì í lo pẹ́ńsùlù, torí ẹni tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ pa rẹ́?

Wèrè eré yìí kì í ṣe tòní. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, kọ́kọ́ gbé crossword, eré tó bí i, jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. (Ọdún yẹn náà ni CMS tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde l'Ékòó, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì.) Nígbà tí Simon & Schuster tẹ odidi ìwé eré náà ní 1924, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tí wọ́n so mọ́ ọn, ara Amẹ́ríkà ò gbádùn mọ́. Rélùwéè Baltimore and Ohio kó ìwé atúmọ̀ èdè sínú ọkọ̀ fún àwọn èrò. New York Times fajú ro lọ́dún yẹn, ó ní ìfàkókòṣòfò tó la ẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ní 1942, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀, mi ò rí ẹ̀bi àwọn èrò rélùwéè yẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè kì í dá ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo lóhùn. O gbọ́dọ̀ ti ro ọ̀rọ̀ kan kó o tó lè ṣí i wò, bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ bá tinú àpótí mu. Fóònù ló yí i padà: sọ ìtumọ̀, sọ iye lẹ́tà, òun á kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ fún ọ, o kàn máa ṣà ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Mobéèrè kan "Ville du Nigeria", ìlú kan ní Nàìjíríà, lẹ́tà 3, E sì ti wà ní ìparí. Ọmọ Nàìjíríà yìí béèrè ìlú Nàìjíríà lọ́wọ́ fóònù. Fóònù ní: ABA, EDE, IFE, IWO, OWO, OYO. (Kí ará Ẹ̀pẹ́ má bínú, wọn ò kà á mọ́ ọn.) EDE àti IFE ló kù. Kí lẹ rò pé ọmọ Ẹdẹ máa kọ?

Ọfà kan gba lẹ́tà àárín lọ sísàlẹ̀: "Note", ohùn orin, lẹ́tà 2. Tó bá jẹ́ IFE, FA ni. Tó bá jẹ́ EDE, DO ni. Méjèèjì wọ̀! Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ó kọ DO. Ìlà ìsàlẹ̀ ló kù tó máa ṣèdájọ́: "Coule à Saint-Omer", èyí tó ń ṣàn ní Saint-Omer, lẹ́tà 2. Ọmọ Yorùbá kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Aa ni odò yẹn. Kò sí ìwé eré Faransé tí kò sí nínú ẹ̀."

"O ò rí i pé O ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Àbí o gbọ́n ju fóònù lọ?"

Ó wá tẹ ìbéèrè. Kò tẹ Saint-Omer o. "Odò, lẹ́tà 2" ló tẹ̀. Fóònù dá a lóhùn tọkàntọkàn: AA, OB, PO. Ẹ̀gbọ́n mú OB. Bí odò Ob ṣe ṣí kúrò ní Siberia nìyẹn, tó wá ń ṣàn gba àríwá ilẹ̀ Faransé kọjá, ní Ndokoti, lábẹ́ agboòrùn.

Ó béèrè, a ò lè sọ pé kò béèrè. Ibi tó ń lọ ló fi pa mọ́ fún ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà gbọ́ pé ó ti kọjá ibẹ̀. Báyìí náà ló ṣe ń ra ilẹ̀: kò ní béèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, á béèrè bóyá àdúgbò náà máa gbówó lórí. Báyìí náà ló ṣe ń béèrè oògùn, lẹ́yìn tó bá ti fúnra rẹ̀ sọ àìsàn náà lórúkọ.

Ọmọ iṣẹ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to ìdáhùn sí, ó nà án sí ọ̀gá rẹ̀: IFE, FA, AA. Ẹ̀gbọ́n Mobéèrè wò ó, ó ṣe hùn-ún, ó tún fa fóònù yọ. Ó béèrè bóyá ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé eré lè ní àṣìṣe.

Fóònù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀.