Bàbá Pa-Iná-Yẹn

Gbogbo ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú tó wà l'Ékòó ló ní Bàbá Pa-Iná-Yẹn tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe onílé, á jẹ́ àkọ́bí onílé. Bí kì í bá ṣe àkọ́bí, á jẹ́ ayálégbé tó ti pẹ́ nílé débi pé òun ló ń bá onílé gba owó iná. Àwọn ọmọ inú ilé ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí bí wọ́n bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà," èsì tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé, "Ta ló tan gílóòbù sílẹ̀?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa wà ní kọ̀rídọ̀, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti pákò lẹ́nu, tí á máa yọjú wo abẹ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, bóyá ìmọ́lẹ̀ kan ń yọ níbẹ̀.

"Ìyá Kàfáyà! Ilẹ̀ ti mọ́ o! Ṣé oòrùn tí Ọlọ́run tàn kò tó ọ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ ló ń wá bàtà iléèwé."

"Kó fọwọ́ tá a!"

Ká má parọ́ mọ́ ọn, owó iná ń dunni. NEPA, tí a kò yéé pè ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti tà á fún aládàáni láti ọdún 2013, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Báǹdì A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbọ́ ìyẹn, tàbí kó gbọ́ kó dákẹ́.

Gílóòbù tí Bàbá ń tìtorí ẹ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì yìí, oníwáàtì 9 ni. Ó gbọ́dọ̀ tàn fún wákàtí tó lé ní 110 kó tó jẹ yúníìtì kan ṣoṣo. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 á jẹ iye kan náà bó bá ń gbóná fún wákàtí kan gbáko. Ta ló sì ni áyọ́ọ̀nù? Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Bàbá á tẹ́ agbádá gínnì sílẹ̀, á lọ apá ọ̀tún, á fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú iná, á wá jáde lọ bá ẹni tó gbàgbé iná ilé ìwẹ̀ jà, kó tó padà wá lọ apá òsì.

Fíríṣà rẹ̀ ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti já, bíríkì ló fi tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òtútù ń sá jáde, ooru ń wọlé, ẹ́ńjìnnì kò rí ìsinmi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju píọ́ wọ́tà díẹ̀ àti orí àgbò Iléyá lọ. Pọ́ǹpù omi náà wà níbẹ̀: bó bá ti tàn án, oorun á gbé e lọ, táńkì á kún, omi á máa ya sínú gọ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré lọ pa á, Bàbá á jí. "Ta ló fọwọ́ kan suìṣì mi?"

Gílóòbù ẹlòmíì nìkan ló ń ta á lójú.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra yúníìtì ni ọgbọ́n rẹ̀ máa ń yọ jù. Á ṣí ìwé, á pín owó ní ojú ilẹ̀kùn sí ojú ilẹ̀kùn. Ìyá Kàfáyà tó ní gílóòbù kan àti fáànù kan: ilẹ̀kùn kan. Tísà tí kì í sábà sí nílé: ilẹ̀kùn kan. Òun tó ní yàrá mẹ́rin, pálọ̀, fíríṣà, áyọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù: ilẹ̀kùn kan náà ni. "Ilẹ̀kùn àbáwọlé mi kò ju ẹyọ kan lọ," ni yóò wí. "Ẹ wá kà á."

Ẹnu àìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, wá dábàá pé kí wọ́n so míta kékeré mọ́ iná yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú máa san owó ohun tó bá lò. Ó ní bí ẹni tó ń lo iná bá rí i pé àpò òun ló ti ń jáde, kò sẹ́ni tí yóò tún máa lé e kiri kó tó pa á. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Bàbá yọ pákò lẹ́nu, ó wo ọmọ náà tàánú-tàánú.

"Míta? Nínú gbogbo yàrá? Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Ṣé o mọ iye iná tí míta fúnra rẹ̀ ń jẹ ni?"