Ta Ló Gé Gèlè Alhájà?

Ẹni tó bá ti gba títì Táíwò kọjá rí mọ ariwo ibẹ̀: àwọn tó ń ta fóònù, àwọn tó ń tẹ ìwé ìpè, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo, gómìnà ológun Kwara tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1976, ni wọ́n fi sọ títì náà. Títì lórúkọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, níbi tí mo ti ń tún fọ́tò ṣe, nǹkan kan ò lórúkọ gidi. "Ìyàwó" wà lórí laptop mi, "Ìyàwó Kejì" wà, "Final" wà, "Final Gan-an" wà. "Má Fọwọ́ Kàn Án" náà wà, mo sì ti fọwọ́ kàn án títí n kò fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Yìgì ọmọ Alhájà kan ló tú àṣírí mi. Kámẹ́rà méjì la gbé lọ, èmi ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ mi ọ̀kan. DSC ni kámẹ́rà méjèèjì ń sọ fọ́tò wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà. Bó bá ti pé 9999, á tún padà sí 0001. Mo da kádì méjèèjì sínú fódà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kó fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán lọ, mo ní kó rọ́pò. Níbi tó yẹ kí Àáfà ti máa ṣàdúà, abọ́ ìrẹsì ni mo bá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tíì nu kádì.

Èyí tó wá tì mí lójú ṣì ń bọ̀. Ọdún 2007 ni Adobe gbé Lightroom jáde, kí ayàwòrán lè tún fọ́tò kan ṣe, kó sì kó àtúnṣe náà lé ọ̀pọ̀ mìíràn lórí lẹ́ẹ̀kan. Mo mú fọ́tò ìyàwó. Mo tan ojú rẹ̀ díẹ̀, mo nu rorẹ́ kan kúrò lágbọ̀n rẹ̀, mo gé òkè fọ́tò nítorí wáyà kan tó rọ̀ sílẹ̀. Ó wù mí. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè èyí tí mo fẹ́ kó kó nínú àtúnṣe náà, mo máàkì gbogbo rẹ̀, mo jáde lọ ra wàrà.

Kí n tó dé, gbogbo èrò yìgì ti gbàtọ́jú rorẹ́. Ibi tí àgbọ̀n ìyàwó wà, imú bàbá ọkọ ló bọ́ sí nínú fọ́tò tiẹ̀. Imú bàbá sì kéré jọjọ. Tẹ̀sùbáà Àáfà já sí méjì. Iná gbọ̀ngàn tí mo ti ya ìyàwó jẹ́ búlúù, mo sì ti fi pupa díẹ̀ àti yẹ́lò lé e kúrò. Ìta gbangba tí kò níná búlúù wá gba gbogbo rẹ̀ sára. Àlàárì tí Alhájà fowó gidi hun di àwọ̀ ọsàn. Ọmọ iṣẹ́ mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e lọ fọ̀.

"Ọmọ mi, ta ló gé gèlè mi?"

"Ẹ má bínú, Alhájà. Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló gbowó lọ́wọ́ mi?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní mo fẹ́ ṣètò. Mo yí orúkọ gbogbo fódà padà, mo kó wọn sórí díìsì mìíràn. Àṣé Lightroom ò gbé fọ́tò kankan sínú. Ibi tí fọ́tò wà ló kọ sílẹ̀, àti ohun tí a ní kó ṣe sí i. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, àmì ìbéèrè lára fódà kọ̀ọ̀kan. Inú Lightroom gan-an ló yẹ kí n ti yí orúkọ wọn. Wọ́n ti kọ ọ́ síbi tí mo lè kà á, mi ò ṣáà kà á ni.

Ní báyìí, ọdún, oṣù, ọjọ́, lẹ́yìn náà orúkọ oníyàwó, ni fódà mi ń jẹ́. Kámẹ́rà ọmọ iṣẹ́ ní lẹ́tà tirẹ̀. Mo ń ṣa àwọn tí kò dáa kúrò kí n tó tún ìkankan ṣe, a kì í sì nu kádì àfi tí fọ́tò bá ti wà níbi méjì. Bí mo bá fẹ́ kó àtúnṣe lé fọ́tò mìíràn lórí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń máàkì, ti àwọn tí a yà níbi kan náà.

Mo tún gbogbo fọ́tò Alhájà fọ̀ lówó ara mi. Bàbá ọkọ nìkan ló ní kí n má fọwọ́ kan tòun. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí imú yẹn ti ń yọ òun lẹ́nu.