Ìjàpá Lọ́yà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tó ń ṣe lọ́yà l'Ókìtìpupa.

Igbó òrìṣà Ayélála kan wà létí ìlú. Màrìwò ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn kì í ṣẹ́gi níbẹ̀, wọn kì í dẹgbó níbẹ̀. Ìjàpá wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú tó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ bá Ìyá Ìgbín, àwòrò igbó.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni igbó yìí?"

"Èwọ̀!"

"Ọba ló ni ín?"

"Ọba gan-an ń bọ́ bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ni ín."

Ohun tí Ìjàpá fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó fa ìwé yọ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé òfin tí Gaius ará Róòmù kọ ní nǹkan bí ọdún 161. Ó kà á sókè: ohun tí kò lólówó, bí ẹja inú odò, bí ẹranko inú igbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un ló ni ín. Irọ́ kọ́, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ti ṣẹ́ ojú ìwé kan po, èyí tó ní ohun tó bá jẹ́ ti òrìṣà, ẹ̀dá kan kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀. (Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń kàwé báyẹn.)

"Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ńkọ́?"

"Ìyẹn wà nínú ìwé UNESCO láti 2005. Ti yín, ìwé rẹ̀ dà?"

Ìgbín wọ inú ìkarahun lọ. Ìjàpá gbé orin:

Igbó yìí, ta ló ni ín?
*Kò lólówó o!*
Màrìwò yìí, ta ló ni ín?
*Kò lólówó o!*

Erin ń wá ilẹ̀ tí yóò gbin ọ̀pẹ sí. Ó gbé àpò owó mẹ́ta dé. "Ìjọba ńkọ́?"

"Bàbá, òfin ilẹ̀ 1978 ní gómìnà ló ń bá gbogbo wa dì í mú. Èmi náà ò sí lára gbogbo wa ni?"

Erin sanwó. Yánníbo ra gèlè mẹ́ta.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Erin gbé àáké débẹ̀, ó bá gbogbo ìlú lẹ́nu igbó. Wọn ò bá a jà. Wọ́n ní kó kàn fi Ayélála búra pé ọwọ́ olówó rẹ̀ lòun ti rà á. Erin wo màrìwò títí. Ó yíjú padà, ó dilé Ìjàpá.

"Lọ́yà, owó mi dà?"

"Ó ti di gèlè."

"Ó dáa. Ìwọ, ta ló ni ọ́?"

Ìjàpá fẹ́ àyà. "Èmi ẹranko igbó? Kò sẹ́ni tó ni mí!"

Erin gbá a mú, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó ń kọrin lọ:

Ìjàpá yìí, ta ló ni ín?
*Kò lólówó o!*

Ìjàpá ké láti inú àpò: "Ẹ ṣí ojú ìwé tí mo ṣẹ́ po! Ẹran òrìṣà ni mí! Ìyá Ìgbín, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

Ìgbín yọ orí. "Ìwé rẹ dà?"