Ìjàpá Nílé Ẹ̀kọ́ Ọ̀mùtí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, nígbà tó ti di ará Houston ní ìpínlẹ̀ Texas.

Ẹ má bi mí bó ṣe dé ọ̀hún. Ẹni tó bá àwọn ẹyẹ lọ sóde ọ̀run rí, ṣé ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ni yóò wá ṣòro fún? Ní òpin ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, nínú oṣù Kẹsàn-án, Ẹkùn ń ṣe 50 ọdún ní gbọ̀ngàn kan nítòsí òpópónà Bissonnet. Gbogbo ẹranko ló pé, aṣọ ẹbí ń tàn yanran. Ìjàpá mu bíà, ó mu bùráńdì, ó fi ẹmu inú ìgò lé e. Nígbà tó di aago méjì òru, Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹ jẹ́ kí n wa ọkọ̀." Ìjàpá ní ṣé òun ni wọn yóò máa gbé kiri bí ẹrù? Ó ní ojú òun dá ṣáká.

Ojú tó dá ṣáká yìí ló fi ń wakọ̀ lórí ìlà funfun gan-an, dípò àárín ìlà méjì. Kò pẹ́ tí iná pupa àti búlúù fi ń kọ mọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ajá ni, nínú aṣọ ọlọ́pàá.

"Ẹ kú òru, bàbá. Kí lẹ mu?"

"Ife méjì péré."

(Gbogbo ọ̀mùtí tí wọ́n bá dá dúró, ife méjì ni wọ́n ń mu. Mi ò tíì gbọ́ ti ẹni tó mu mẹ́ta rí.)

Ìjàpá há dọ́là sáàárín ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó nà án sí i: "Àbúrò mi, fi ra omi tútù." Ajá dá owó padà. Ó ní ẹjọ́ kan ló wà nílẹ̀. Bí bàbá bá fẹ́ kó di méjì, kí wọ́n tún nà án.

Ni ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀. Ajá ní kó máa fi ojú nìkan tẹ̀lé ṣónṣó bírò, kó má mi orí. Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun. Ajá ní kó rin ìṣísẹ̀ 9 lórí ìlà, kí gìgísẹ̀ máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó yí padà, kó tún rin 9 bọ̀. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó gbé ìkẹta. Ajá ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ìjàpá ní, "Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Kó tó rí èsì, ó ti ṣubú yakata, ó dojú kọ ọ̀run. Ajá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí wá. Ìjàpá bá bú sórin:

Ajá ọlọ́pàá, ṣàánú mi o,
*Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ!*
Omi òrombó ni mo mu,
*Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ!*
Ẹkùn ló da ọtí sí mi láṣọ,
*Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ!*
Ọ̀tá ilé ló rán ọ sí mi,
*Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ!*

Ìjàpá kò fẹ́ ẹ. Ó rò pé bí kò bá ti sí èémí, kò sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní Texas, ẹni tí ìwọ̀n ọtí ara rẹ̀ bá dé 0.08 tàbí tó ré kọjá rẹ̀, wọ́n lè gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ ẹ, 180 ni tirẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ sì ni, adájọ́ ò sùn, ó ń dúró de irú àwọn tó bá kọ̀. Kí Ìjàpá tó yọ orí, Adájọ́ Òwìwí ti fọwọ́ síwèé àṣẹ, Yànmùyánmú nọ́ọ̀sì ti dé, ó ti fa ẹ̀jẹ̀. Yànmùyánmú fúnra rẹ̀ ò lè fò gbọọrọ nígbà tó ń lọ. Ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ 0.17: ìlọ́po méjì ohun tófin gbà, pẹ̀lú èènì.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́yà ní ọjọ́ 15 ló wà láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ìgbẹ́jọ́ lórí ìwé ìwakọ̀. Owó tó pè wọ Ìjàpá lára, ó ní òun yóò fẹsẹ̀ ara òun gbé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló dé ẹnu ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ Àgbò kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nítorí àwọn ará ilé tó ń lépa ọkọ̀ Ìjàpá. Wọ́n dárúkọ àjẹ́, wọ́n dárúkọ oṣó. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ bùráńdì.

Òwìwí ò rán an lẹ́wọ̀n. Ó ní kó so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀, èyí tí yóò máa fẹ́ èémí sí kí ọkọ̀ tó lè ṣiṣẹ́, kó sì parí kíláàsì oníwákàtí 12 fún àwọn tó mutí wakọ̀, láàárín 180 ọjọ́. Ìgbín ni olùkọ́. Ìgbín ní ìgò bíà kan tó jẹ́ áúǹsì 12, wáìnì áúǹsì 5 àti ògógóró áúǹsì kan àbọ̀, agbára ọtí kan náà ló wà nínú wọn. Kọfí ò lè lé e, omi tútù ò lè lé e. Àkókò nìkan ni.

Ìjàpá nawọ́. "Bí mo bá jẹ iyán ṣáájú ńkọ́, tíṣà?"

"Iyán á dá a dúró díẹ̀ lọ́nà," Ìgbín dáhùn, "kò ní dá a padà sílé."

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá rán Ahun àbúrò rẹ̀ kó lọ jókòó dípò òun. Ìgbín bi í ní ohun tí wọ́n kọ́ lánàá, Ahun ní ìṣirò ni. Wọ́n lé e, Ìjàpá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Ìyá Àdàbà wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nígbà tí ọ̀mùtí kan já iná pupa. Kò sunkún, kò gbé wọn ṣépè. Ó kàn ń ka orúkọ oúnjẹ tí ọmọ náà fẹ́ràn. Ìjàpá tún fa orí wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́.

Ó gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀yin náà mọ àwa Yorùbá: ó gbé e sí férémù, ó gba gbọ̀ngàn, ó dá aṣọ ẹbí, ó pe olórin. Omi òrombó nìkan ló mu lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nígbà tó di aago méjì òru, Ẹkùn dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó ní ife méjì péré lòun mu.

Ìjàpá sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, Yánníbo rò pé ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Káàdì kan ló fà yọ lápò: "Olóyè Ìjàpá, Agbaninímọ̀ràn lórí Ọ̀ràn Ọtí àti Kíláàsì." Ó ní kí Ẹkùn mú un dání, pé ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá sanwó kí Ajá tó dá a dúró.