Àmì Kan fún Ẹni Tó Gbá A Síta

Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Melbourne fẹ́ràn jù kò rí roboto. Ó gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ibi tó bá sì wù ú ló ń ta sí nígbà tó bá balẹ̀. Footy ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1859 ni wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní Melbourne, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí àwọn ará London tó kọ òfin bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń gbá lónìí. Èèyàn méjìdínlógún ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pápá rẹ̀ kò ní igun, ó sì lè gùn tó mítà 185. Ọmọ Àpápá tó ti gbá bọ́ọ̀lù títì, mọ́ńkì pósì, rí láàárín tírélà méjì yóò kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀ yẹn.

Wọ́n ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù náà sáré, wọ́n sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a sí ara wọn. Ẹni tó bá fò gun èjìká ẹlòmíràn, tó sì já bọ́ọ̀lù gbà lókè, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, "Hánbọ́ọ̀lù!" ni gbogbo àdúgbò á ké, ẹni tí wọ́n gun èjìká rẹ̀ á sì fẹ́ mọ ilé ẹni tó gùn ún. Káàdì pupa kò sí nínú líìgì ńlá wọn. Ẹni tó bá lu ẹlòmíràn á gbá eré rẹ̀ parí, ìgbìmọ̀ á wá pè é lẹ́jọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ajégúnlẹ̀ kì í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró di àárín ọ̀sẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti àmì. Òpó mẹ́rin ló wà lójú ilé kọ̀ọ̀kan, méjì gíga láàárín, méjì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín àwọn gíga kọjá, góòlù ni, àmì mẹ́fà. Èyí tó bá ṣì í, tó yà gba ẹ̀gbẹ́, àmì kan. Ẹni tó gbá a síta náà rí nǹkan mú lọ sílé! Adájọ́ ìdí òpó á na ìka kan, á ju àsíá funfun, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, èébú ni owó iṣẹ́ ẹni tó gbá a síta. Bó bá tún wọ gọ́tà, òun náà ni yóò kiwọ́ bọ̀ ọ́, á fi yanrìn nù ún, eré á sì máa lọ.

Àṣekágbá líìgì náà lọ́dún 2010, láàárín ẹgbẹ́ St Kilda àti Collingwood, fi agbára àmì kan yìí hàn. St Kilda gbá góòlù 10, Collingwood gbá 9. Lójú ará Boundary ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Collingwood ti gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, St Kilda lẹ́ẹ̀mẹ́jọ péré, ìṣirò sì já sí 68 sí 68. Wọ́n tún un gbá lọ́sẹ̀ kejì, Collingwood na wọ́n ní 108 sí 52. Ife kan ṣoṣo tí St Kilda tíì gbà láti ìgbà tí líìgì náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1897, ọdún 1966 ni, 74 sí 73, lọ́wọ́ Collingwood yìí kan náà. Góòlù 10 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù tí Barry Breen gbá, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló fún wọn nífe, ó sì di akọni títí dòní. Ajégúnlẹ̀ kò ní irú akọni bẹ́ẹ̀, bóyá ni yóò sì fẹ́ ẹ.

Pápá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Ajégúnlẹ̀ ni Maracana, tí wọ́n fi orúkọ pápá ńlá tí wọ́n ṣí ní Rio lọ́dún 1950 pè. Yanrìn ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Koríko kò bá orúkọ náà wá. Orí yanrìn yẹn ni Odion Ighalo, tí wọ́n bí ládùúgbò náà lọ́dún 1989, ti gbá a kó tó dé Norway, Watford, àti Manchester United lọ́dún 2020. Samson Siasia, ọmọ Ajégúnlẹ̀ mìíràn, kó ẹgbẹ́ Òlíńpíìkì Nàìjíríà lọ sí Brazil lọ́dún 2016, wọ́n sì gba idẹ. Wọ́n gbá a ní Manaus, São Paulo, Salvador àti Belo Horizonte. Wọn kò gbá ẹyọ kan ní Maracana ti Rio.

Ẹni tí kò bá ráyè ní Maracana á gbá a ní títì. Òkúta méjì ni òpó, igi kò sì sí lókè, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó bá ga díẹ̀ ní ẹjọ́ nínú. Ẹnu tó bá le jù ló ń dá a. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí ará ìlú lè tún àyíká ṣe. Àwọn ìyá á gbálẹ̀, àwọn ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, ó wá ku ọjọ́ ìdìbò, tí ọkọ̀ kì í rìn. Ìjọba Victoria, ìpínlẹ̀ tí Melbourne wà, ní tirẹ̀ ti fún àwọn èèyàn ní ìsinmi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú àṣekágbá láti ọdún 2015, láìbéèrè ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Melbourne ń jẹ́: Collingwood, Richmond, Carlton. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n da Fitzroy pọ̀ mọ́ Brisbane lọ́dún 1996, ó dun àwọn mìíràn bí ọ̀fọ̀ gidi. Ẹgbẹ́ títì Ajégúnlẹ̀ kì í ní ìkéde: ọ̀gá ẹgbẹ́ ríṣẹ́ ní wáàfù, ẹni tó ni bọ́ọ̀lù kó lọ sí Ìkòròdú, ó parí. Ìwé kankan kò ní iye góòlù wọn, ìyẹn ni iye náà ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó gbá méjì lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún á ti di ẹni tó gbá mẹ́fà tó bá pé àádọ́ta, pàápàá tó bá ti dé Melbourne, tí ẹlẹ́rìí kò sí nítòsí.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kì í fi bọ́ọ̀lù ilé sílẹ̀. Eré Premier League tí wọ́n ń wò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ lóṣù Kejìlá, aago méjì òru ni ní Melbourne. Ní Ajégúnlẹ̀, góòlù kan á gbé gbogbo èèyàn dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ní Melbourne, bàbá á bu ìrọ̀rí jẹ kí aládùúgbò má baà pe ọlọ́pàá.

Àwọn ọmọ ló ń kó òbí wọnú footy. Joel Wilkinson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ pápá fún Gold Coast lọ́dún 2011, Majak Daw, tí wọ́n bí ní Sudan, sì wọ ọ́ fún North Melbourne lọ́dún 2013. Ìyá tó ń ké "Hánbọ́ọ̀lù!" lọ́dún àkọ́kọ́ á di ẹni tó ń ka àmì ọmọ rẹ̀ fún ìyá àgbà ní Àpápá lórí fóònù: góòlù kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, àmì mẹ́wàá. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n yọ mẹ́rin yẹn kúrò.