Òrìṣà tí a kò bọ ló gbówó lórí

Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò lérò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òrìṣà fúnra rẹ̀ yóò yá òwe náà lò, tí yóò máa fi í bẹ ọmọ aráyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó lọ sí Francis Street ní àdúgbò Liberties nílùú Dublin, níbi tí ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹrù àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì Nicholas Mímọ́ ti jọ wà lójú títì kan náà, kí ó sì wo bí wọ́n ti ń yí àwòrán Màríà Wúndíá tí a tẹ̀ sórí bébà síwá sẹ́yìn bí alápatà ti ń yẹ màlúù wò kí ó tó san owó.

Àwòrán tí mo ń wí yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀. Alois Senefelder, ará Bavaria, ni ó ń wá ọ̀nà ní nǹkan bí ọdún 1796 tí yóò fi tẹ eré orí ìtàgé tí ó kọ láì jẹ gbèsè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn pé nígbà tí alágbàfọ̀ dé, tí kò sí bébà nílé, orí òkúta dídán ni òun kọ iye aṣọ sí bí ìyá òun ti ń kà á. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti ṣẹ́yọ: a ó fi ohun ọlọ́ràá ya àwòrán sórí òkúta, a ó fi omi rin ín, nígbà tí a bá sì yí tàdáwà lé e, ibi ọ̀rá nìkan ni yóò lẹ̀ mọ́, nítorí epo òun omi kò rẹ́ rí. Bí òkúta kan ti ń bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán nìyí. Ní ilé ìtẹ̀wé Nathaniel Currier ní New York, àwọn obìnrin a jókòó ti tábìlì gígùn, eléyìí á kun búlúù, tọ̀hún á kun pupa, sẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n sì ń ta èyí tí ó kéré nínú wọn, tí àwọn ọmọ Áyálándì tí ó sọdá òkun fi lè gbé Patrick Mímọ́ kọ́ ògiri yàrá àyágbé wọn.

Ní Áyálándì gan-an láyé ìgbà náà, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Lábẹ́ Ọkàn Mímọ́ Jésù ni fìtílà pupa ń jó sí tọ̀sán-tòru. Níwájú rẹ̀ ni gbogbo agboolé ń kúnlẹ̀ sí ka rósárì lálẹ́. Ẹ̀yìn férémù rẹ̀ ni wọ́n ń ki ewé Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ bọ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Èéfín a máa gun bébà, ewé gbígbẹ a máa fi àmì sílẹ̀, pákó ẹ̀yìn férémù a sì máa sọ ọ́ di àwọ̀ tíì.

Ẹ wá gbọ́ ìdájọ́ olówò òde òní, ẹni tí ó di awò asọ-kékeré-di-ńlá mú lójú kan. Èéfín fìtílà: àbùkù ni. Àmì ewé: àbùkù ni. Etí bébà tí bàbá kan gé kí àwòrán lè wọ férémù: àbùkù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ibi tí búlúù aṣọ Màríà ti ṣàn wọ inú ìkùukùu nítorí pé ọmọbìnrin tí ń kùn ún ń kánjú, háà, ìyẹn ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ni a fi kùn ún, owó á sì gun òkè! Àṣìṣe òṣìṣẹ́ di iyì, àdúrà opó di ìdọ̀tí. Èyí tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún rí, òun ni ọba gbogbo wọn. Mi ò sì rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀, nílùú tí wọ́n ti sọ ilé àdúrà àwọn sójà ní bárékè Beggars Bush di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtẹ̀wé.

Kí ọmọ Oòduà má tètè rẹ́rìn-ín. Ère ìbejì wa tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olówó Yúróòpù, òdìkejì ẹjọ́ yìí ni wọ́n dá fún un: bí ìyá bá ti wẹ̀ ẹ́, tí ó fi osùn pa á lára, tí ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu títí ojú àti imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọwọ́ ìyá Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn di ẹ̀rí, ọwọ́ ìyá ará Connemara ní Áyálándì di ẹ̀gbin. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n gbà ni pé aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ti bọ ohun tirẹ̀ dáadáa kí ó tó lè jẹ́ ojúlówó.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Ẹ ó rí ọmọ wa tí ó ti dáná sun ìbejì ìyá-ìyá rẹ̀ nílé ní orúkọ Jésù, tí ó wá dé Dublin, tí ó ra Màríà aláwọ̀ búlúù sí pálọ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé owó ń bẹ lórí rẹ̀. Bí Pásítọ̀ bá wá kí i, tí ó ń wo ògiri bí ẹni rí ejò, òun á tètè ṣàlàyé pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe òrìṣà o, àǹtíìkì ni.”

“Áà, àǹtíìkì ni? Èló lẹ rà á, Bọ̀dá?”

Ó sọ iye rẹ̀, ó sì fi kún un pé ó lè di ìlọ́po méjì láìpẹ́.

“Olúwa á ṣe é. Bí ẹ bá tà á, ẹ má gbàgbé ìdámẹ́wàá.”