Ayé Lọjà, Àwa Ti Gba Ṣọ́ọ̀bù

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Òwe yìí ò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, awakọ̀ ń kọ ọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Irú èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú àgbà: àwòrán ìyá olóògbé wà lára rẹ̀ tòun ti gèlè, orúkọ àwọn ọmọ yí i ká, oyè kálukú ṣíwájú orúkọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá há ọ̀run nilé mọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ti lé lóṣù méjì ní mọ́ṣúárì kó tó ráyè lọ sílé ọ̀hún, torí ọ̀dà ilé tí wọ́n fẹ́ fi gba àlejò ò tíì gbẹ, àwọn tó ń ta léèsì ò sì tíì kó aṣọ ẹbí dé.

Àwọn àgbà tó pa òwe náà mọ ọjà dunjú. Obìnrin á ti ìdájí dìde, á gbẹ́rù, á tà, á rà, á kí ará, á kí ọ̀rẹ́, nígbà tí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, á palẹ̀ igbá mọ́, ó di ilé. Kò sẹ́ni tó kórìíra ọjà nínú wọn. Ibẹ̀ ni iyọ̀ wà, ibẹ̀ laṣọ wà, ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń dé. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá tẹ́ ẹní sùn sọ́jà, orí rẹ̀ ò pé. Bí orí ẹnìkan bá sì ti ń dàrú, kíá ni ẹbí á dì í mú kó má baà wọ ọjà, nítorí wèrè tó bá ti wọ ọjà, oníṣègùn kì í fẹ́ gba owó rẹ̀ mọ́.

Àwa onígbàgbọ́ òde òní gbọ́ òwe náà, a ṣe àmín. Ayé lọjà? Ó dáa bẹ́ẹ̀. A gba ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí a ti ń wá ayé kiri ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníwàásù ti ń ṣọ́ etí obìnrin. Yẹtí ni ayé, ṣòkòtò nídìí obìnrin ni ayé. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959 tí tẹlifíṣọ̀n wá ń tàn kálẹ̀, òun náà di ayé. Ìjọ mìíràn wà tí ọmọ ìjọ ò gbọ́dọ̀ ní i nílé. Lónìí àpótí náà ti ṣèrìbọmi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fi í wàásù tọ̀sán tòru. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ yẹtí yìí, ẹ kíyè sí i, n kò gbọ́ pé ẹnìkan bi agbaṣẹ́ṣe tó gbowó afárá, tí afárá ò sì sí, léèrè bó ṣe rí ìdá mẹ́wàá tó kó wá. Ìdá mẹ́wàá afárá tí ẹnikẹ́ni ò rí ti wọ àpò ìjọ. Wọ́n sì gbàdúrà fún un kí Ọlọ́run fún un níṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìkórè. Nígbà kan àgbẹ̀ ló ń gbé iṣu, ọsàn àti adìyẹ wá dúpẹ́ òjò tó rọ̀. Iṣu ṣì wà lórí pẹpẹ o, ọjà la ti rà á. Alága ìkórè ló kù. Ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ní Ẹ̀mí ń bá àwọn márùn-ún sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí nípa mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹnìkan á húkọ́. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá á rọra dìde níwájú, ìlù á sọ, kámẹ́rà á yí sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ká pàtẹ́wọ́ fún Jésù, ojú gbogbo èèyàn á sì wà lára agbádá. Bí ẹni karùn-ún ò bá jáde, Ẹ̀mí á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Oníṣòwò tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́ lọ́jà kì í dínwó tó bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni wọ́n á wá ní kí gbogbo ẹni tó kù na ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sókè, kí wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà láàárín. Nígbà yẹn onílù ti ń mu omi, oníkámẹ́rà ti ń ká wáyà rẹ̀.

Àárín àwọn tó kù yẹn ni opó tó ní owó wẹ́wẹ́ méjì á ti kọjá. Máàkù kọ ọ́ pé ńṣe ni Jésù jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra, tó ń wò bí kálukú ṣe ń sọ owó sí i. Tiwa kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń júwe ìjókòó á ti ní kí ó jọ̀wọ́ dìde, pé àga yẹn, ti ìdílé alága ni.

Ní ti owó níná sára oníjó àti sára òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ bá mi kí ìjọba. Òfin Báńkì Àpapọ̀ tọdún 2007 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kà á sí títí EFCC fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn. Ni gbogbo wa bá ronú pìwà dà. Àpò ìwé la ń lò báyìí.

Lọ́dún 1947, ní Àjàṣẹ́, ni Oshoffa dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀, aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Lójú mi, ọgbọ́n ńlá ni: bí adájọ́ àti alápatà bá ti wọ sùtánà, tí wọ́n bọ́ bàtà, ta ló mọ ẹni tó lówó? Owó ò gbà. Mo rí ọ̀gá kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú jíìpù rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, sùtánà rẹ̀ léèsì, okùn wúrà ní ọrùn àti ní etí apá. Awakọ̀ ti gbé ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn débi pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ báyìí ló fi tẹ ilẹ̀. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Àwọn yẹn ṣì ń bọ́ bàtà. Lọ́dọ̀ àwa tó kù, bàtà oníwàásù nìkan tó san owó ilé-ìwé ọmọ méjì.

Ẹni tó bá pẹ́ lọ́jà, kò sóhun tí kò ní í ná. Á ná ọkọ, á ná aya, á wá ná Ọlọ́run. Ẹ fetí sí àdúrà wa ní òru: Olúwa, mo ti fi 50,000 gbin irúgbìn láti oṣù kẹta, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Bí ẹní ń pe oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ tún gbọ́ ẹ̀rí wa. Físà jáde, ọkọ̀ dé, ilẹ̀ ní Lẹ́kì, ẹ bá mi yin Olúwa. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan jáde sọ pé wọ́n ṣèèṣì sanwó sí àkáǹtì òun, òun sì dá a padà. Bóyá irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1928 Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ọkọ̀ tó ń tẹ títì fún ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ó sì fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú ẹ̀rí yẹn wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí ó tó sọ ọ́ tán, wọ́n á ti kó o lọ sí ibi ìtúsílẹ̀, wọ́n á máa lé ẹ̀mí òṣì jáde lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì gbààwẹ̀ kún un.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Démà fi máa ń ṣe mí láàánú. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi kọ̀wé sí Tímótì pé Démà ti fi òun sílẹ̀ lọ sí Tẹsalóníkà, nítorí ìfẹ́ ayé. Nínú orí kan náà ló ti ń bẹ Tímótì pé kó bá òun mú aṣọ ìlékè tí òun fi sí Tíróásì bọ̀, kó sì sáré kí ìgbà òtútù tó dé. Démà ló kánjú. Bó bá jẹ́ ìjọ tiwa ló wà, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Tẹsalóníkà? Àga iwájú la ó fún un. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun ni alága ìkórè. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ aṣọ Pọ́ọ̀lù mọ́ ìfilọ̀, Démà á dìde, á ní òun á ra tuntun, òun á sì fi méjì sí i, wọ́n á wá bẹ̀ ẹ́ kó dúró díẹ̀ ná, kí kámẹ́rà lè rí i dáadáa.